Ẹ̀rọ Mọ Ibi, Kò Mọ Ìdí: Ìdágbére àti Ìṣọ́ Láàrin Tọkọtaya Òde-Òní

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kíyè sí i dáadáa: orí ara rẹ̀ ni alákàn ń ṣọ́, kì í ṣe orí alákàn ẹgbẹ́ rẹ̀. Láyé òde-òní, fóònù ti fún ọ̀pọ̀ ọkọ àti aya ní ojú tí wọ́n fi ń ṣọ́ ara wọn láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ọkọ lè jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìkẹjà, kí ó máa wo àmì róbótó kékeré kan tí ń rìn lórí àwòrán ìlú, kí ó sì mọ̀ pé ìyàwó òun ti kúrò ní Múṣin, ó ti dé Òṣòdì, ó sì ti dúró síbì kan fún ogún ìṣẹ́jú. Ìyàwó náà lè máa wo ọkọ lọ́nà kan náà. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò tíì ṣe ìgbéyàwó pàápàá ti ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àfẹ́sọ́nà wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ìfẹ́.

Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa lónìí nìyí: ǹjẹ́ irú ìṣọ́ báyìí bá àṣà wa mu? Àwọn kan ní ohun àjèjì pátápátá ni, kí a jù ú nù. Àwọn mìíràn ní kò sí ohun tuntun níbẹ̀, pé láti ayébáyé ni ọkọ ti ní ẹ̀tọ́ láti mọ ibi tí aya rẹ̀ wà. Lójú tèmi, ìhà méjèèjì ni kò tọ̀nà tán. Ohun kan wà nínú àṣà wa tí ó jọ ọ́ ní rere, ohun mìíràn sì wà tí ó jọ ọ́ ní búburú. Ó yẹ kí olúkúlùkù wa mọ èyí tí òun ń tẹ̀ lé nínú méjèèjì kí ó tó fọwọ́ kan fóònù rẹ̀.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Kí a tó dájọ́, ẹ jẹ́ kí á mọ ohun tí à ń dá lẹ́jọ́. Àwọn sátẹ́láìtì kan wà lójú sánmà tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ síbẹ̀. Wọn kò dín ní 24, wọ́n sì jìnnà sí ilẹ̀ tó nǹkan bí 20,200 kìlómítà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn wọ̀nyí ni ó ń wo ọmọ aráyé láti òkè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ sátẹ́láìtì kò ju pé kí ó máa kéde àkókò àti ibi tí òun fúnra rẹ̀ wà. Fóònù ni ó ń gbọ́ ìkéde mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó sì ń ti ibẹ̀ ṣírò ibi tí òun wà. Bí ó bá wà nínú ilé tí kò ti lè gbọ́ wọn dáadáa, a máa fi òpó ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ àti Wi-Fi tí ó wà nítòsí ṣe ìṣirò náà. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ sórí fóònù ẹni tí a bá ní kí ó rí i.

Ẹ ó ṣàkíyèsí nǹkan méjì. Èkíní, fóònù ni à ń ṣọ́, kì í ṣe ènìyàn. Bí ìyàwó bá gbàgbé fóònù rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ọ̀dọ̀ aránṣọ ni ọkọ yóò rò pé ó sùn. Bí bátìrì bá kú nítorí pé iná kò sí, tàbí bí nẹ́tíwọ̀kì bá dàrú, àmì náà lè dúró gbọn-in síbi tí ó ti wà gbẹ̀yìn, bí ẹni pé ẹni náà kò tíì kúrò níbẹ̀. Èkejì, ẹ̀rọ mọ ibi, kò mọ ìdí. Yóò sọ fún ọ pé ìyàwó rẹ wà ní ilé kan ní Agége. Kò ní sọ fún ọ pé àbúrò rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá ni ó lọ wò. Yóò sọ fún ìyàwó pé ọkọ rẹ̀ dúró pẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì kan. Kò ní sọ pé ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ìdí tí ẹ̀rọ kò sọ yìí, ọkàn ẹni tí ń wò ó ni yóò hùmọ̀ rẹ̀. Ọkàn tí ó bá sì ti ń fura tẹ́lẹ̀ kì í hùmọ̀ ohun rere.

Ẹ̀rọ yìí kò tíì pẹ́ láàrin wa. Ní 2001 ni fóònù GSM dé Nàìjíríà. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 2017 ni Google gbé pínpín ibi tí ènìyàn wà sínú Google Maps. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún kan náà ni WhatsApp gbé tirẹ̀ jáde. Ti WhatsApp ní gbèdéke: ìṣẹ́jú 15, wákàtí kan, tàbí wákàtí 8, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti Google lè ní gbèdéke, ó sì lè jẹ́ títí di ọjọ́ tí ẹni tí ó ṣí i bá pa á. Ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa yóò padà sí.

Ìdágbére

Nígbà tí àwọn baba wa ń lọ sí oko ẹgàn, wọ́n lè lo ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní àbà kí wọ́n tó wá sílé. Àwọn ìyá wa tí wọ́n jẹ́ alájàpá a máa ná ọjà láti ìlú dé ìlú, wọn a sùn sí ọ̀nà, wọn a sì máa ṣòwò tí ọkọ wọn kò mọ iye èrè rẹ̀. Kò sí ọ̀nà kankan tí ẹni tí ó wà nílé lè gbà mọ ibi tí ẹni tí ó wà lájò dé ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, ilé dúró. Kí ni ó mú un dúró?

Ìdágbére ni. Ọmọlúàbí kì í déédéé dìde kí ó máa lọ láìsọ. Aya yóò kúnlẹ̀, yóò ní, “Ẹ̀yin baálé mi, mo ń lọ sí ọjà o.” Ọkọ yóò dáhùn pé, “Ó dára o, ìyá Ìbejì. O ó bá wọn ná ọjà èrè, ọ̀nà yóò là o.” Bí ọkọ bá ń lọ sí àbà, òun náà yóò sọ, yóò dá ọjọ́ tí yóò padà. Bí ó bá dé, a ó ní, “Ẹ kú àbọ̀”, òun náà yóò ní, “Ẹ kú ilé o.” Ẹ wo bí a ṣe to ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ẹni tí ń lọ ni ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí ó ń lọ. Ẹni tí ó kù sílé a sì fi àdúrà dá a lóhùn, kì í fi ìwádìí dá a lóhùn. Nínú ìdágbére, ibi tí mò ń lọ jẹ́ ohun tí mo fi lé ọ lọ́wọ́. Nínú ìṣọ́, ó jẹ́ ohun tí o mú lọ́wọ́ mi.

Ohun kejì tí ó mú ilé dúró ni ènìyàn. Ènìyàn laṣọ, bí àwọn àgbà ti wí. Baálé ilé wà níbẹ̀, ìyálé wà níbẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ nínú ọjà wà níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí náà ń rí wa, ṣùgbọ́n wọ́n lè béèrè ọ̀rọ̀, wọ́n lè gbọ́ àlàyé, wọ́n lè pẹ̀tù sí ọkàn tí ń gbóná. Àmì orí fóònù kò lè ṣe ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí. Kò lè sọ fún ọkọ tí inú ń bí pé, “Jọ̀wọ́, mú sùúrù, jẹ́ kí ó dé ná.”

Ní ti àfẹ́sọ́nà ẹ̀wẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa gbọ́ eléyìí dáadáa. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá láyé àtijọ́, ọmọbìnrin tí a bá ti fẹ́ sọ́nà ń yẹra fún ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ni. Bí ó bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán, yóò yà sí ọ̀nà mìíràn. Alárinà ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ láàrin wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá ń sọ fún ọmọbìnrin inú kíláàsì rẹ̀ lónìí pé àṣà ni ó fún òun láṣẹ láti mọ gbogbo ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀, irọ́ ni ó ń pa mọ́ àṣà. Kò tíì ṣe ìdána, kò tíì mọ ilé àwọn àna, ṣùgbọ́n ó ti fẹ́ di olùṣọ́.

Mágùn

Kí a má tan ara wa jẹ o. Àwa náà ní ìṣọ́ ìkọ̀kọ̀ nínú ìtàn wa, orúkọ rẹ̀ sì ni mágùn. Nínú ìgbàgbọ́ àwọn ènìyàn wa, ọkọ tí ó bá ń fura sí aya rẹ̀ lè dẹ ẹ́ sí i lára láìjẹ́ kí ó mọ̀. Aya náà yóò máa gbé e káàkiri, títí ọkùnrin mìíràn yóò fi ṣe ohun tí kò yẹ, tí yóò sì fara gbá a. Tún wo èyí: obìnrin ni a ń dẹ ẹ́ sí. Ọkọ tí ń rìn ìrìnkurìn kò ní ohun tí a dẹ sí òun lára.

Ní 2001, ọdún kan náà tí GSM dé, Túndé Kèlání gbé fíìmù kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí, Thunderbolt, èyí tí a mú láti inú ìtàn tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ. Nínú rẹ̀, àhesọ ni ó mú kí ọkọ kan máa fura sí aya rẹ̀ tí kò mọwọ́mẹsẹ̀, tí a sì dẹ mágùn sí i lára. Aya yìí, tí kò ṣe ohunkóhun, ni ó wá wà nínú ewu ikú. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ye wa kedere: ìṣọ́ tí a bá bẹ̀rẹ̀ láti inú àhesọ kì í mọ olódodo yàtọ̀ sí ọ̀dàlẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí mágùn fi jọ àwọn áàpù amí tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìkọ̀kọ̀ ni a ń dẹ ẹ́. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó mọ̀. Ara ẹni tí a ní a fẹ́ràn ni a sọ di pàkúté. Áàpù amí ju àmì ibi lọ: àwọn mìíràn a máa ka àtẹ̀jíṣẹ́, wọn a máa wo fọ́tò. Ní oṣù Owewe 2021, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, Federal Trade Commission, fi òfin de ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ SpyFone pé kò gbọdọ̀ ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́, wọ́n sì pàṣẹ kí ó pa gbogbo ohun tí ó ti kó jọ ní ìkọ̀kọ̀ rẹ́. Ní ọdún náà gan-an ni Apple gbé AirTag jáde, ohun róbótó kékeré tí a fi ń wá kọ́kọ́rọ́ tí ó sọnù. Kò pẹ́ tí àwọn oníwà ìbàjẹ́ fi ń jù ú sínú àpò obìnrin. Ní oṣù Ẹ̀bìbì 2024 ni Apple àti Google jọ fi ìkìlọ̀ sínú fóònù wọn, tí ó fi jẹ́ pé bí irú ohun bẹ́ẹ̀ tí kì í ṣe tìrẹ bá ń bá ọ kiri, fóònù rẹ yóò sọ fún ọ.

Àṣírí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀

Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ìṣọ́ a máa sọ pé, “Bí o kò bá ní ohun tí ò ń fi pamọ́, kí ni ó ń bà ọ́ lẹ́rù?” Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n kò ti inú ìṣe Yorùbá wá. Láàrin wa, bíbo àṣírí jẹ́ ìbùkún. Ẹni tí ó bá rí owó san gbèsè kí ojú tó tì í a ní, “Ọlọ́run bò mí láṣìírí.” Àwọn àgbà a máa gbàdúrà pé kí àṣírí wa má tú. Kì í ṣe gbogbo ohun tí a bò ni ó jẹ́ ìbàjẹ́.

Ọkọ lè lọ rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó jẹ gbèsè, tí ó sì ti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Àṣírí yẹn kì í ṣe ti ọkọ láti pín. Aya lè yà sí ọ̀dọ̀ dókítà láti ṣe àyẹ̀wò tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á, kí ó fẹ́ mọ èsì ná kí ó tó fi kó ìdààmú bá ilé. Ó lè lọ dá èésú, ó lè lọ ra aṣọ tí yóò fi ṣe ọkọ lóore lọ́jọ́ ìbí rẹ̀. Ilé tí kò ti sí àyè fún irú nǹkan wọ̀nyí, ẹ̀wọ̀n ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí wáda lẹ́nu ọ̀nà.

Ká ní obìnrin oníṣòwò kan wà ní Ìbàdàn tí ọkọ rẹ̀ ń wo fóònù rẹ̀ lójoojúmọ́. Ní alẹ́, yóò béèrè pé, “Kí ni o lọ ṣe ní Mọ́kọ́lá fún ogójì ìṣẹ́jú?” Ní ọjọ́ kìíní, obìnrin náà yóò ṣàlàyé. Ní ọjọ́ kejì, yóò tún ṣàlàyé. Nígbà tí ó bá di oṣù kẹta, kò ní lọ sí Mọ́kọ́lá mọ́. Kò ní dúró kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Yóò dín wíwò tí ó ń wo ìyá rẹ̀ kù. Oníbàárà tí ó máa ń lọ bá nílé yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ kò lù ú, kò bú u, kò tì í mọ́lé. Síbẹ̀, ayé obìnrin náà ti kéré sí i. Èyí ni ewu tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọkùnrin náà lè bọ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí àwọn obìnrin kan ń ṣọ́ ọkọ wọn lọ́nà kan náà.

Ẹ̀rù ọ̀nà

A kò sì lè ṣe bí ẹni pé ayé kò tíì yí padà. Àwọn ajínigbé wà lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá wọ mọ́tò láti Èkó lọ sí Àkúrẹ́, tàbí ọmọbìnrin tí ó bá wọ takisí ẹni tí kò mọ̀ ní alẹ́, ó dára kí ẹnìkan nílé mọ ibi tí ó dé. Nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí, fóònù ń ṣiṣẹ́ àtàtà, èmi kò sì ní bá ẹni tí ó ń lò ó bẹ́ẹ̀ jà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó mú èyí yàtọ̀. Ẹni tí ń rìnrìn-àjò ni ó fúnra rẹ̀ ṣí i. Ó mọ ẹni tí ó ń rí òun. Ìrìn-àjò ni ó wà fún, bí ìrìn-àjò bá sì parí, ó parí. Ìdágbére nìyẹn, ẹnu ẹ̀rọ ni ó kàn gbà wá. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ fi ìyàtọ̀ gbèdéke WhatsApp àti èyí tí kò lópin sọ́kàn. Èyí tí ó ní wákàtí jọ ọ̀rọ̀ “mo ń lọ, mo ń bọ̀”. Èyí tí kò lópin a máa di ìṣọ́ láìpẹ́, àfi bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ ènìyàn tí ó mọ̀ ọ́n lò.

Ohun tí òfin wí

Abala 37 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo ìkọ̀kọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí tẹlifóònù. Kò sọ pé ìgbéyàwó fòpin sí i. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára ti 2015 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi ẹ̀rọ já ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ẹlòmíràn gbà lọ́nà láìgba àṣẹ. Òfin tí ó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, tí ó jáde ní 2015 bákan náà, ka títẹ̀lé ènìyàn kiri mọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023, tí ó múná mọ́ àwọn ilé-iṣẹ́, dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wa: kò de ohun tí ènìyàn bá ń ṣe fún ara rẹ̀ tàbí fún agbo ilé rẹ̀ nìkan, níwọ̀n bí kò bá ti tàpá sí ẹ̀tọ́ ìkọ̀kọ̀ ẹlòmíràn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, òfin ti 2015 sọ pé ẹni tí ó bá ń fi ìdarí àti ìhalẹ̀ ni ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ lára léraléra lè ṣẹ̀wọ̀n tó ọdún 5. Fífi fóònù ṣọ́ni wà lára ohun tí ilé-ẹjọ́ lè wò. Kí ẹni tí ó ń lọ bá ìdílé rẹ̀ níbẹ̀ má ṣe wí pé a kò sọ fún òun.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe

Síbẹ̀, kóòtù kọ́ ni ó ń tún ilé ṣe. A kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́. Bí tọkọtaya bá fẹ́ lo ẹ̀rọ yìí, kí wọ́n jókòó sọ ọ́ ní ọjọ́ tí inú wọn dùn, kì í ṣe ní ọjọ́ ìjà. Bí ọkọ bá ń rí aya, kí aya náà máa rí ọkọ. Kí ó ní àkókò, kí ẹni tí ó bá sì pa á lọ́jọ́ kan má di ọ̀daràn nítorí rẹ̀. Kí a tó wo fóònù, kí a kọ́kọ́ fi ẹnu béèrè. Bí a bá sì béèrè, kí a gba ìdáhùn.

Bí ìfura bá ti wọlé ná, kí a má gba ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ lọ. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri tí ó ti lanu, áàpù kò lè dí i. Ẹ pe àgbà tí ẹ̀yin méjèèjì bọ̀wọ̀ fún. Ẹ̀yin àgbà náà, ẹ má ṣe sọ fún obìnrin tí a ń ṣọ́ kiri pé ìfẹ́ ni ó mú un wá. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko mọ́ni lọ́wọ́.

Ẹni tí a bá ń fi ẹ̀rọ ṣọ́, tí ẹni tí ń ṣọ́ ọ sì jẹ́ oníjà, kí ó má ṣe yára pa ẹ̀rọ náà lójijì, nítorí ó lè mú ìbínú wá. Kí ó kọ́kọ́ fi fóònù ẹlòmíràn wá ìrànlọ́wọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní àjọ tí ń rí sí ìwà ipá inú ilé, kí àwọn ará Èkó má sì tijú láti lọ bá wọn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ẹ̀kọ́ àṣà tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ. Nígbà tí ẹ bá ń kọ́ wọn ní ìkíni, ẹ kọ́ wọn ní ìdágbére pẹ̀lú, kí ẹ sì sọ ìdí tí ó fi wà. Ọmọ tí ó bá mọ bí a ti í sọ pé “mo ń lọ”, tí ó sì mọ bí a ti í dáhùn pé “ọ̀nà yóò là”, yóò mọ ohun tí ó yẹ kí ó béèrè lọ́wọ́ olólùfẹ́ rẹ̀, yóò sì mọ èyí tí kò yẹ. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilé wa tù wá lára, kí àṣírí wa má sì tú. Àṣẹ.